Gílóòbù Èènì Tó Gbé Ìyá Ọkọ Mi Gun Òkè Ọ̀kà

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọn yóò fi gbé mi sin, ọjọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi fọ́ iná mọ́tò ọkọ mi, tí mo tún fi ìmọ̀tán ra òmíràn tí kò tàn. Mo ti dàgbà báyìí, àwọn tí mo lè máa tijú fún kò sí mọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi lè jókòó sọ ọ́.

Nígbà náà, a ò tíì gba òmìnira lọ́wọ́ òyìnbó. Ìkàrẹ́ ni mò ń gbé, fìtílà ni mò ń tà: lántánì kékeré, lántánì ńlá, gíláàsì wọn àti òwú wọn. Kò sí ẹni tó mọ iná tó mi nínú ọjà yẹn. Èmi ni mo ń sọ bẹ́ẹ̀ o, wọn ò bi mí. Ọkọ mi, Bàbá Sàliú, ra mọ́tò kékeré kan lọ́wọ́ òyìnbó tó ń padà sí ìlú rẹ̀, ó sì fi ń gbé èrò láàárín Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà. Mọ́tò náà ní iná méjì níwájú, ó tún ní kékeré kan nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, nítòsí ilẹ̀, tí kò ní gílóòbù nínú láti ọjọ́ tó ti dé ọwọ́ wa. Ọkọ mi ní iná kùrukùru ni òyìnbó tó tà á fún un pè é. Èmi ní ẹ̀ṣọ́ lásán ni.

Ìyá ọkọ mi ti ń tọ́jú owó ìrìn àjò Mẹ́kà kí n tó wọlé wọn. Ọdún yẹn ni Ọlọ́run gbọ́ àdúrà rẹ̀. Lọ́rì kan ni yóò kó àwọn tó ń lọ láti Ọ̀kà, ní kété tí wọ́n bá kírun àsùbáà tán, láti gbé wọn lọ bá ọkọ̀ òfuurufú. Wọ́n sì ti kìlọ̀ pé lọ́rì náà kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. À bá ti gbé Ìyá lọ lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú, àmọ́ àwọn tó ń wá dágbére kò tán. Kálukú ló ní àdúrà tó fẹ́ kí Ìyá bá òun gbé dé ọ̀hún. A wá fẹnu kò pé a ó jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ìyá yìí kò fi bẹ́ẹ̀ gba tèmi. Kò bú mi rí, àmọ́ ó máa ń sọ pé ẹnu mi gùn ju òwú fìtílà mi lọ. Mo wá ń ronú ohun tí mo lè ṣe tí yóò fi dé Mẹ́kà kó rántí dárúkọ mi sí rere. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n fọ iná mọ́tò tí yóò gbé e lọ. Bí mo ṣe ń fọ gíláàsì fìtílà ni mo ṣe fọ̀ ọ́: mo tú òrùka irin tó di ojú iná náà mú, mo fi eérú àti ọṣẹ dúdú gbo gíláàsì rẹ̀, mo da omi sí inú rẹ̀ ṣàn-ìn ṣàn-ìn, mo sì dé e padà. Ìyá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ka tẹ̀súbáà rẹ̀. Ó wò mí, ó gbójú kúrò. Mo rò pé inú rẹ̀ dùn.

Nígbà tí ọkọ mi dé, ó ní kí òun dán iná wò. Ó tàn gbòò. Kí n tó sọ pé ẹ wò ó bó ṣe ń dán, èyí tó wà lọ́tùn-ún fọ́ pòó, tòsì náà sì tẹ̀ lé e. Omi tí mo dà sí i ló kán sára gílóòbù tó ti gbóná. Ọkọ mi wo ilẹ̀, ó wo mọ́tò, ó ní bóyá wọ́n ti gbó ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ti gbó.

La bá sáré lọ sí gáréèjì, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀yà mọ́tò. Ó to gílóòbù síwájú wa. Ó ní oríṣi méjì ló wà, wọ́n kọ méjìlá sí ìdí àwọn kan, wọ́n kọ mẹ́fà sí ti àwọn kan, èwo ni tiwa?

Ọkọ mi ní, "Ìyá Sàliú, ẹ jẹ́ n sáré bi fítà tó ń bá wa tún mọ́tò ṣe."

Mo ní, "Nínú èmi àti fítà, ta ló ń ta iná?"

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ èrò mi. Nínú òwò tèmi, òwú tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ga ló máa ń fẹ̀, èyí tó bá sì fẹ̀ ló ń tàn jù. Ta ni yóò wá rí méjìlá tí yóò mú mẹ́fà? Ọkùnrin náà ní ká rọra o, pé àwọn mọ́tò kan wà tó jẹ́ mẹ́fà ni wọ́n ń lò. Mo ní kó má fi ọjà tí kò tà lọ̀ mí. A ra méjì nínú èyí tí wọ́n kọ méjìlá sí.

Nígbà tí a rà á tán, mo ní kó fún mi ní èènì. Ó ní, "Màmá, ta ló ń gba èènì lórí gílóòbù? Ṣé gààrí lẹ rà ni?" Mo dúró. Ó bẹ̀ mí kí n lọ, mo dúró síbẹ̀. Nígbà tó sú u, ó na ọwọ́ sẹ́yìn pẹpẹ, ó fa gílóòbù kékeré kan yọ tí eruku ti bò, tí gíláàsì rẹ̀ pupa rúsúrúsú bí ìyeyè. Ó ní, "Ẹ gba èyí. Ó ti pẹ́ níbí, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ." Mo wo ìdí rẹ̀, mẹ́fà ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo yínmú, mo sì so ó mọ́ etí ìró mi. Èènì ni èènì ń jẹ́.

Ọkọ mi fi àwọn tuntun náà sí i, ó tàn án. Oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run. Ó ní, "Ó jọ pé kò mọ́lẹ̀ tó." Mo bi í pé fìtílà wo ló rí tó ń fara hàn lójú oòrùn.

Ní ìdájí, a gbé Ìyá sínú mọ́tò pẹ̀lú àpótí rẹ̀ àti kẹ́tù àlùwàlá. Ọkọ mi tan iná. Ohun tí mo rí níwájú dà bíi pé àwọn bàbá méjì jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń fa sìgá.

Ìyá sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn, "Ṣé wọ́n ti tan uná ọ̀hún ni?"

Mo sọ̀kalẹ̀, mo lọ gbé lántánì tó tóbi jù nínú ọjà mi, mo tàn án, mo sì ń rìn níwájú mọ́tò. Ọkùnrin kan tó ń lọ sóko kí mi, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé mọ́tò lẹ ń dà lọ jẹko ni?" Nígbà tí a jáde nílùú, ẹsẹ̀ ti ń ro mí, mo bá gun orí imú mọ́tò, mo jókòó síbẹ̀, mo gbé lántánì lé orúnkún. Bí a ṣe ń wọ́ lọ, lọ́rì kan tó kó iṣu bá wa láti ẹ̀yìn, iná rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán. Dírẹ́bà rẹ̀ fun fèrè, ó ké sí mi pé, "Ìyá onífìtílà, ẹ gbé ọjà yín kúrò lójú títì." Ó kọjá lọ. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

A dé ìsàlẹ̀ òkè Ọ̀kà, kùrukùru ti bo gbogbo ibẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ lántánì mi kò ré kọjá imú mi. Lọ́rì oníṣu nìyẹn níwájú wa, ó dúró, dírẹ́bà rẹ̀ sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Bí mo tan iná, funfun ni gbogbo ẹ̀. Bí mo pa á, mi ò rí nǹkan kan. Ibi tí ọ̀nà gbé yà mi ò mọ̀, kòtò ló sì wà lápá òsì."

Ìyá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò. Ó ní, "Ogún ọdún ni mo fi tọ́jú owó yìí." Bó bá bú mi ni, ì bá sàn. Mo mọ̀ pé tí lọ́rì Mẹ́kà bá lọ, ọwọ́ mi ló ti bàjẹ́, àti pé ó ṣeé ṣe kí Ìyá má rí ọdún mìíràn lọ mọ́. Mi ò ní parọ́ fún yín, mo sunkún. Mo fa etí ìró mi láti fi nu ojú, nǹkan líle kan sì gún mi lẹ́rẹ̀kẹ́. Èènì mi ni.

Mo ní, "Bàbá Sàliú, ẹ fi eléyìí sí kékeré ìsàlẹ̀ yẹn."

Ó ní, "Kékeré pupa yìí? Nínú kùrukùru tó ń bá iná lọ́rì jà?"

Mo ní, "Ẹ ṣáà fi sí i."

Mo gbé lántánì fún un, ó tú u, ó kì í bọ̀ ọ́, ó sì wọlé wẹ́rẹ́. Ó tàn án. Iná náà kò gbójú sókè bá kùrukùru jà rárá, abẹ́ rẹ̀ ló gbà. Koríko etí títì yọ, òkúta yọ, ibi tí ọ̀nà gbé yà yọ kedere. Inú mi dùn débi pé mo jó lórí títì pẹ̀lú lántánì lọ́wọ́.

Dírẹ́bà lọ́rì sún mọ́ mi, ó ṣí fìlà. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n máa tẹ̀ lé yín."

Mo ní, "Ẹ máa bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má sún mọ́ wa jù, kí iṣu má lọ wó lé wa lórí." Mo wọnú mọ́tò, mo jókòó bí ẹni tó ni títì.

A wọ Ọ̀kà pẹ̀lú lọ́rì lẹ́yìn wa. Wọ́n ti kírun tán, ọ̀gá àwọn tó ń lọ sì ti ń pe orúkọ. Ó ní, "Ìyá tó ń bọ̀ láti Ìkàrẹ́ ńkọ́? Àbí ká máa lọ?" Ìyá ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò wa, ó ní, "Èmi rè é." Wọ́n gbé àpótí rẹ̀ sókè. Kó tó wọlé, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ṣe àdúrà fún mi, èyí tí kò ṣe rí láti ọjọ́ tí mo ti di ìyàwó wọn.

Fítà kan tó wà níbẹ̀ ló là mí lóye. Ó ṣí iwájú mọ́tò wa, ó ní kí n ka ẹnu tí wọ́n ń gbà da omi sí bátìrì. Mẹ́ta ni. Ó ní méjì ni agbára ẹnu kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ sì ni mẹ́fà. Gílóòbù tí wọ́n bá kọ méjìlá sí kò lè yó nídìí irú bátìrì bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi wò mí. Mo ń wo òkè.

Nígbà tí Ìyá ti Mẹ́kà dé, tó di Àlàájà, ilé kún fọ́fọ́. Ó pín ẹ̀bùn. Ó fún mi ní ìgò omi Sámúsámù kékeré kan, ó fà mí mọ́ra, ó sì fi ẹnu sí mi létí pé:

"Ìyàwó, mímu ni wọ́n ń mu ún o. Má fi fọ uná mọ́tò."

Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ náà, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, àwọn àlejò rò pé ayọ̀ Mẹ́kà ni. Láti ìgbà yẹn, mi ò fi omi kan inú iná mọ́tò mọ́, mi ò sì jẹ́ kí wọ́n ra gílóòbù kankan láìka ẹnu bátìrì. Àmọ́ ní ti èènì, títí di òní, mo ṣì ń dúró gbà á.