Àna Tó Kí Màmá Ní Àkíjù

Ẹjọ́ ìkíni ló wọ ilé Olóyè Benedict ní Odode lánàá. Màmá Agatha, tí wọ́n ń ṣe oko kòkó ní Aládé, ló pe ọkọ ọmọ wọn lẹ́jọ́ pé ó kí àwọn ní àkíjù.

Felix, ọkọ Agatha, jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wo bàtà ara rẹ̀. Ẹnjiníà ni ní Àkúrẹ́, níbi táwọn ọmọọṣẹ́ ti ń pè é ní ọ̀gá. Lánàá, ìyàwó rẹ̀ pàápàá kò pè é ní nǹkan kan. Ẹ̀yìn Màmá ló lọ jókòó sí, ó sì ti ní òun ò ní bá a padà sílé bí ọ̀rọ̀ yìí ò bá yanjú.

Màmá dìde, wọ́n so ìró wọn le, wọ́n rojọ́. Ọjọ́ kejì Àjíǹde ni Felix kó ìdílé rẹ̀ lọ wo ìlú àtijọ́ lórí òkè. Wọ́n gun àtẹ̀gùn títí tí òrùlé Odode fi dà bí páálí ìṣáná nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni Felix ti bojú wẹ̀yìn. Ló bá nà gbalaja sórí àpáta, ó sì di ọrùn ẹsẹ̀ Màmá mú.

"Mo ní kó dìde," Màmá ní. "Ó ní, 'Ẹ káàsán, mà.' Mo ní mo ti gbọ́. Ó tún ní, 'Ẹ káàsán, mà.' Oòrùn yí kúrò lórí wa, ọkọ ọmọ mi ò tíì kí mi tán."

Èyí tó wá dun Màmá jù ni pé nígbà tí wọ́n délé, Felix sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé Màmá ni ẹ̀rù òkè ń bà, òun sì di ẹsẹ̀ wọn mú kí wọ́n má bàa ṣubú.

Olóyè bi í bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Felix wo Jemima, ọmọ rẹ̀, tó ń jẹ ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Agatha. Ojú ọmọ yìí ni kò fẹ́ ti sọ òótọ́.

"Bàbá, bí wọ́n ṣe tọ́ mi ni. Ẹni tó bá bọ̀wọ̀ fún àna kì í yára dìde nílẹ̀."

Olóyè Olútúndé, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè, mi orí. Wọ́n ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti wọ́n lóde òní.

Ó kan àwọn ẹlẹ́rìí. Matthias, tó máa ń mú àlejò gun òkè, ní ojú Felix dì pinpin, Jésù ló sì ń pè. Agatha ní irọ́ ni, ìyá tó bí i ló ń pè. Felix dá sí i pé àdúrà lòun ń gbà fún ìyá àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ta ló wá gbé e dìde?" Olóyè Benedict béèrè.

"Èmi ni, sà," Jemima dáhùn. Gbogbo ilé yíjú sí i. "Mo ń lé alángbá lọ sétí àpáta. Mọ́mì pariwo. Dádì sáré wá gbá mi mú. Nígbà tó wo ìsàlẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò fi mí sílẹ̀. A jọ dúró, a ń wo òrùlé."

Ohun tí Felix ti ń fi pamọ́ fún ọmọ yìí, ọmọ náà ti mọ̀ ọ́n látọjọ́ náà wá. Ó dìde.

"Ẹ̀rù bà mí, Màmá. Mo purọ́ mọ́ yín. Ẹ má bínú, mà." Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀.

"Dúró bẹ́ẹ̀," Olóyè ní.

Àwọn ìjòyè forí korí. Ìdájọ́ wọn le. Wọ́n ní ìdọ̀bálẹ̀ tí Felix ti ṣe lórí òkè ti tó o lò fún ọdún yìí. Títí di Kérésì, kò gbọdọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún Màmá mọ́, bó ti wù kó dùn ún tó. Tí ilẹ̀ bá sì mọ́, kó padà sórí òkè, kó dúró ṣánṣán níbi tó ti dùbúlẹ̀, kó juwọ́ sí àna rẹ̀ nísàlẹ̀, kí gbogbo ayé lè rí ọkùnrin tí kò ní ẹ̀kọ́.

Láàárọ̀ yìí, Felix gun òkè. Jemima di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú. Nísàlẹ̀, Màmá ń fi gèlè juwọ́. Agatha dúró tì wọ́n, ó ti di ẹrù rẹ̀ fún Àkúrẹ́. Felix la ojú méjèèjì, ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í juwọ́.

Bàbá arúgbó kan tó ń gun òkè bọ̀ dúró, ó bi Jemima ta ni bàbá rẹ̀ ń juwọ́ sí.

"Ìyá mọ́mì mi ni, sà."

Bàbá náà wo Felix láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ mi fẹ́ irú èyí," ó ní, ó sì ń gun àtẹ̀gùn tirẹ̀ lọ.