Àsíá Inú Jọ́ọ̀gì

Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ni, àjọ̀dún òmìnira. Bàbá Gbádébọ̀ jókòó sórí àpótí nílé ìdáná ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìkìrun, ó ń rin àgbọn. Ọkọ̀ èrò ló fi jẹun lọ́nà Ìkìrun sí Inísà sí Òkukù títí ojú rẹ̀ ò fi tó ọkọ̀ wà mọ́. Kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn ló kù sí i lọ́wọ́ báyìí. Jemima, ọmọ àbúrò rẹ̀, ló ń ṣe ohun mímu. Kò tíì pẹ́ tó jáde ní yunifásítì. Ó fi fóònù ti ara ìgò epo, obìnrin kan sì ń fi imú sọ Gẹ̀ẹ́sì nínú rẹ̀.

"Jemima, kí ni obìnrin yẹn ń wí?"

"Ó ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni, Bàbá. Ohun mímu aláwọ̀ àsíá. Àwọ̀ ewé nísàlẹ̀, funfun láàárín, àwọ̀ ewé lókè. Inú jọ́ọ̀gì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn wà o, wọn ò sì ní dàpọ̀."

"Wọn ò ní dàpọ̀?"

"Rárá."

"Kí ló dé? Ṣé wọ́n ń bá ara wọn jà ni?"

"Ẹwà ibẹ̀ gan-an nìyẹn, Bàbá. Ewé ìsàlẹ̀ dúró fún ilẹ̀ ọlọ́ràá tí Ọlọ́run fi ta wá lọ́rẹ. Funfun àárín dúró fún àlàáfíà tó so gbogbo wa pọ̀ bí ọmọ ìyá. Ewé òkè dúró fún ìrètí ọjọ́ ọ̀la tó ń yọ bọ̀ bí..."

"Kí ló wà nínú ewé òkè yẹn?"

"Kùkúńbà."

"Kùkúńbà ni kí o wí."

Bàbá kọjú sí àgbọn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá ti gùn ju ọ̀nà Ìbà lọ, kì í bá ẹni tó ń sọ ọ́ dé ìparí.

Jemima dín ohùn fóònù kù. "Bàbá, ẹ ò mọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ rántí èṣí."

"Kí ló ṣẹlẹ̀ léṣìí?"

"Pọ́fù-pọ́fù."

Ọwọ́ Bàbá dúró lórí àgbọn.

"Háà. Pọ́fù-pọ́fù."

Léṣìí, Jemima da dáì aláwọ̀ ewé sínú ìyẹ̀fun pọ́fù-pọ́fù, kó lè bá ọdún òmìnira mu. Ó pọ̀ jù. Ẹnu gbogbo ìjọ di ẹnu ewúrẹ́ tó wọ oko. Pásítọ̀ fi eyín aláwọ̀ ewé wàásù, àwọn ọmọdé iwájú sì bú sẹ́kún.

"Tèmi ò lọ bọ̀rọ̀," Bàbá ní. "Eérú ni mo fi fọ̀ ọ́."

"Ṣé ẹ wá rí i? Màmá Ọmọ́wùnmí ti sọ ọ́ lójú gbogbo ẹgbẹ́."

Òkukù ni Màmá Ọmọ́wùnmí ń gbé. Òun ni olórí àwọn obìnrin ìjọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti Ìkìrun, ti Inísà àti ti Òkukù, tí wọ́n jọ ń ṣe ọdún yìí. Ohun tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde, kì í padà wọlé.

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní bí n bá tún bà á jẹ́ lónìí, wọ́n á yọ mí kúrò nídìí ohun mímu. Wọ́n á gbé mi lọ sídìí omi ìfọwọ́. Èmi Jemima! Pẹ̀lú gbogbo ìwé tí mo kà! Kí n máa da omi sí àwọn ará Inísà lọ́wọ́!"

"Omi náà dára. Kì í kun eyín."

"Bàbá!"

"Má bínú. Kí ni kí n bá ẹ ṣe?"

"Ẹ gbọ́ o. Ṣúgà ni gbogbo àṣírí rẹ̀. Omi aláwọ̀ ewé tí mo sè yìí, ṣúgà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó wúwo, ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Omi funfun tí ẹ fẹ́ fún lára àgbọn yẹn, ṣúgà díẹ̀ ni mo máa fi sí i, àárín ni tirẹ̀. Omi kùkúńbà ò ní ṣúgà rárá. Òun ló máa léfòó."

Bàbá fún àgbọn tó rin sínú abọ́.

"Iṣu nísàlẹ̀, gàrí láàárín, ẹ̀fọ́ lókè."

"Ta ló ní iṣu, Bàbá?"

"Ẹrù ọkọ̀ ni mò ń wí. Bí o bá fi iṣu lé ẹ̀fọ́ lórí, kí o tó dé Inísà, ó ti di ọbẹ̀."

"Ó yé yín! Bàbá, ó ti yé yín pátápátá!"

"Ó ku ọ̀kan tí kò yé mi. Ta lo máa kọ́kọ́ bù fún?"

"Àwọn àgbà ni. Ṣé ó tún ku ẹlòmíràn ni?"

"Ibo lo ti máa bù ú?"

"Láti òkè ni."

"Òkè tí kò ní ṣúgà."

Jemima mú ṣíbí kan.

"Àwọn àgbà á mu kùkúńbà lásán," Bàbá ń bá a lọ. "Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tó bá dé kẹ́yìn á mu oyin. Màmá Ọmọ́wùnmí á máa jẹ ewé, ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi á máa lá ètè."

"Wọ́n máa kọ́kọ́ wò ó ná, Bàbá. Ojú ló ń kọ́kọ́ mu irú èyí."

"Ojú wo? Èmi ò rí i kí wọ́n gbé ife sétí ojú rí."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di ṣíbí mú."

Ó da èyí tó wúwo sínú jọ́ọ̀gì. Ó kó yìnyín lé e. Bàbá dojú ṣíbí dé, ó fi orí rẹ̀ ti ara jọ́ọ̀gì. Jemima bẹ̀rẹ̀ sí í da omi àgbọn sẹ́yìn ṣíbí náà, tín-ín-rín bí òwú.

"Rọra," Bàbá ní. "Kòtò wà níwájú."

"Mò ń rọra."

"Tẹ búréèkì. Tẹ búréèkì!"

"Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín, ọwọ́ mi á gbọ̀n!"

"Já a sọ́tùn-ún díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Máa bọ̀. Máa bọ̀. Jẹ́ kí alùpùpù yẹn kọjá."

"Bàbá!"

Omi àgbọn tẹ́ sílẹ̀ lórí ewé. Kùkúńbà tẹ́ sórí omi àgbọn. Ẹnikẹ́ni ò mí nílé ìdáná. Nígbà tó yá, Jemima gbé ìkòkò sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ara jọ́ọ̀gì. Ewé. Funfun. Ewé.

Bàbá Gbádébọ̀ ṣí fìlà.

"Kò dàpọ̀," ó ní.

"Kò dàpọ̀! Bàbá, kò dàpọ̀!"

"Má fò mọ́. Ilẹ̀ ń mì."

Jemima fi ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀ jẹ́ẹ́. "Mo fẹ́ lọ tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, kí n sì pààrọ̀ bùláòsì. Ẹ bá mi ṣọ́ ọ. Ẹ má jẹ́ kí eṣinṣin bà lé e. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e. Ẹ má fara kan tábìlì. Ẹ má mu nínú ẹ̀ o, Bàbá."

"Kí ni mo fẹ́ fi kùkúńbà ṣe?"

Ó lọ. Gbogbo ohun tí èèyàn ò gbọdọ̀ ṣe ló kà tán. Ọ̀kan péré ló fò.

Bàbá jókòó ti jọ́ọ̀gì. Ó lé eṣinṣin kan. Ó wo jọ́ọ̀gì. Bó ṣe ń wò ó ni nǹkan kan ń yọ ọ́ lẹ́nu. Gbogbo ohun tó ti fi ẹnu kàn láyé rẹ̀, àgbo ibà ni o, ògì ni o, oògùn ikọ́ tí nọ́ọ̀sì fi fún un ni o, bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ bá ti wálẹ̀, èèyàn á gbọ̀n ọ́n tàbí kó rò ó kó tó mu ún. Ìyá rẹ̀ gbá a létí nítorí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tó wà ní kékeré. Títí di òní, bó bá bu àgbo láìgbọ̀n ọ́n, ìyàwó rẹ̀ á ní, "Ṣé omi lẹ fẹ́ mu ni, tí ẹ fẹ́ fi oògùn sílẹ̀ fún ìgò?"

Ta ló ń gbé ohun tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀ fún àlejò? Ó ti rẹ ọmọ náà ni. Ó ti gbàgbé.

Ó tún rántí àwọn àgbà tó máa mu kùkúńbà lásán. Ìyẹn ló gbé e dìde.

Ó wá ṣíbí onígi gígùn. Ó tì í bọ inú jọ́ọ̀gì títí ó fi kan ìsàlẹ̀. Ó rò ó. Ó rò ó dáadáa, bí ẹni tó fẹ́ràn ọmọ. Ó fọ ṣíbí, ó gbé e padà síbi tó ti mú un, ó sì jókòó.

Jemima wọlé pẹ̀lú bùláòsì funfun lọ́rùn.

"Bàbá, mo ti tẹ́ aṣọ, wọ́n ti..."

Ó dúró.

"Bàbá."

"Kò tọ́pẹ́."

"Bàbá!"

"Mo ní kò tọ́pẹ́. O gbàgbé láti rò ó. Mo ti bá ẹ rò ó."

"Ẹ rò ó?"

"Dénú. Kò sí ohunkóhun nísàlẹ̀ mọ́."

Jemima fi ìdí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tòun ti bùláòsì tuntun. "Àsíá mi dà?"

"Inú ibẹ̀ náà ló wà. Ó pé. Èmi ò yọ ìkankan kúrò."

"Ẹ ní ó yé yín! Ẹ ní iṣu nísàlẹ̀, ẹ̀fọ́ lókè!"

"Ìyẹn bí ọkọ̀ bá ń lọ. Bí ọkọ̀ bá dé, ṣé wọn kì í já ẹrù ni?"

Fèrè ọkọ̀ dún níta. Ó dún lẹ́ẹ̀kan sí i, gígùn.

"Bọ́ọ̀sì Òkukù nìyẹn," Bàbá ní. "Mo mọ fèrè rẹ̀ lójú oorun."

"Màmá Ọmọ́wùnmí ti dé." Jemima bo ojú. "Ẹ bá mi gbé kẹ́tù omi ìfọwọ́ wá, Bàbá. Kí n tètè mọ̀ ọ́n gbé."

Bàbá rò pé àwàdà ni. Ó wò ó dáadáa, ó rí i pé omijé ń bọ́ láàárín ìka rẹ̀. Ó dìde. Ó ṣí ìkòkò kìn-ín-ní, ó ṣí èkejì, ó ṣí ẹ̀kẹta.

"Èyí tó kù nínú àwọn wọ̀nyí, kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Kò sí ohun tó kù. Ìdí ìkòkò ni. Kò tó ife méjì."

"Ṣé ó tó ife kan?"

Jemima gbé orí sókè.

"Ojú mélòó ni Màmá Ọmọ́wùnmí ní?" Bàbá ní. "Ife kan tó wọn. Àwọn yòókù á mu tinú jọ́ọ̀gì. Nu ojú ẹ. Ṣíbí dà?"

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí Bàbá ò sọ̀rọ̀ kòtò, kò sọ̀rọ̀ alùpùpù. Ewé tẹ́. Funfun tẹ́. Ewé tẹ́. Ó dúró nínú ife gíláàsì bí aṣọ àsíá tí afẹ́fẹ́ ò fẹ́.

"Ó ku ti jọ́ọ̀gì," Bàbá ní. "Tọ́ ọ wò."

"N ò tọ́."

"Tọ́ ọ wò, Jemima."

Ó fi ṣíbí bù ú, ó fajú ro, ó tọ́ ọ wò. Ojú rẹ̀ tú díẹ̀.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀."

Ó tún bu òmíràn.

Lẹ́yìn náà ló gbé ife gíláàsì sórí àwo, ó sì tún gbé e kalẹ̀. "Bàbá, kò ṣeé ṣe. Bí mo bá dé iwájú wọn, mo gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀. Bí mo bá fi lè kúnlẹ̀, ó ti dàpọ̀ nìyẹn."

"Gbé e wá. Mo ti gbé ẹyin láti Ìbà dé Òkukù rí, kò fọ́."

"Wọ́n jù yín lọ. Ẹ̀yin náà máa dọ̀bálẹ̀."

"Màá gbé e kalẹ̀ ná. Dídọ̀bálẹ̀ tèmi, ó máa ń pẹ́ kó tó dé ilẹ̀. Wọ́n á ti wò ó tán."

Ó gbé e lọ. Ó rìn bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun. Nígbà tó padà, ó bá Jemima lẹ́yìn kọ́tìnì ẹnu ọ̀nà, ó ń yọjú.

"Bàbá, wọ́n ti gbé e sókè!"

"Mo rí i."

"Wọ́n ń fi han àwọn ará Inísà! Wọ́n ń pàtẹ́wọ́! Bàbá, Màmá Ọmọ́wùnmí ń rẹ́rìn-ín! Ta ló ti rí eyín wọn rí?"

"Dákẹ́, wọ́n ń gbàdúrà fún Nàìjíríà."

"Àmín. Àmín o." Jemima la ojú. "Kí ni wọ́n ń ṣe yẹn? Bàbá, kí ló dé tí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ife?"

"Má wò ó, Jemima."

Nínú gbọ̀ngàn, Màmá Ọmọ́wùnmí di àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ẹnu ife. Ó gbọ̀n ọ́n lọ sókè, ó gbọ̀n ọ́n wá sílẹ̀, bí ẹni tó ń gbọ̀n ìgò àgbo. Ó gbé e sẹ́nu. Kò gbé e kúrò títí yìnyín fi dún.

Jemima ti fi kọ́tìnì wé orí.

Màmá juwọ́. Bàbá lọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dé.

"Wọ́n ní kí ni?" Láti inú kọ́tìnì ni ohùn náà ti wá.

"Wọ́n ní ó dùn. Wọ́n ní kí o gbé jọ́ọ̀gì wá kíá."

"Omi ìfọwọ́ ńkọ́?"

"Wọ́n á wá ẹlòmíràn sídìí rẹ̀. Wọ́n ní ìdí ohun mímu lo wà, lọ́dún yìí àti lọ́dún tó ń bọ̀."

Jemima já jáde nínú kọ́tìnì, ó di mọ́ Bàbá Gbádébọ̀ lọ́rùn, fìlà bọ́ sílẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ohun kan dùn wọ́n," Bàbá ní.

"Kí ni?"

"Wọ́n ní, irú ọmọ tó kàwé báyìí, ó ṣe wá gbé ohun mímu fún àgbà láìrò ó?"

"Kí lẹ wá sọ fún wọn?"

Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó mú fìlà rẹ̀ nílẹ̀, ó gbọn eruku ara rẹ̀.

"Mo ní kí wọ́n forí jì ẹ́, ọmọdé ni ẹ́. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀ lórí tinú jọ́ọ̀gì. Èmi fúnra mi ni mo rò ó."