Ojú Obadiah Ju Mítà Lọ

Ẹni tó bá dé Nyohini, àdúgbò kan ní Tàmálè, láìmọ̀ Obadiah Àrẹ̀mú, kò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n, nítorí Obadiah fúnra rẹ̀ kò ní jẹ́ kó má mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ iná mànàmáná ló ń ṣe. Ó gbà pé nígbà tí Ọlọ́run ní kí ìmọ́lẹ̀ wà, òun ni Ọlọ́run ń bá sọ̀rọ̀. Ẹnjiníà Àgbà ló ń pe ara rẹ̀, Abójú-ṣiṣẹ́-bí-mànàmáná. Bó bá kí ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí ẹni tó lè pa iná ilé rẹ ló ṣe ń kí ọ.

Ó kórìíra mítà. Ó ní ọ̀lẹ ló ń fi mítà dán wáyà wò.

"Ojú mi yìí," á fi ìka kan ìpéǹpéjú, "ojú mi ju mítà lọ."

Lọ́dún náà, Hajia Àdìjátù, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Aboabo nínú ìlú kan náà, kó àwọn obìnrin tó ń ṣe òrí ní Sagnarigu jọ, wọ́n ra ẹ̀rọ tí yóò máa bá wọn po òrí. Ọwọ́ ni wọ́n ti ń fi pò ó látẹ̀yìnwá, débi pé àwọn mìíràn nínú wọn kò lè gbé apá sókè wé gèlè mọ́. Obadiah gba iṣẹ́ wáyà rẹ̀. Ohun kan péré ló béèrè lé e: lọ́jọ́ ìṣílé, kí Baba Màmúdù, àgbà Yorùbá ìlú, kéde òun ní Olórí gbogbo oníná Yorùbá ní Tàmálè. Ó ti rán agbádá funfun sílẹ̀, ó ní kí wọ́n fi òwú góòlù ya mànàmáná sí i láyà.

Wáyà ilé tí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sí ti pẹ́. Pupa, yẹ́lò àti búlúù ló ń gbé iná wá. Dúdú ni niútírà, èyí tí iná ń gbà padà, tí wọ́n ti so mọ́ ilẹ̀ láti orísun. Àmọ́ àwọ̀ tuntun ni ẹ̀rọ náà bá dé. Níbẹ̀, bráùn, dúdú àti aláwọ̀ eérú ló ń gbé iná, búlúù sì ni niútírà.

Obadiah wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó rí dúdú méjì, ó rí búlúù méjì. Inú rẹ̀ dùn bí àlùfáà tó fẹ́ so tọkọtaya pọ̀. Ó so dúdú mọ́ dúdú, ó so búlúù mọ́ búlúù. Bráùn àti aláwọ̀ eérú tí kò rí ojúgbà, ó fi wọ́n fún pupa àti yẹ́lò.

"Ẹnjiníà," ni Hajia wí, "Táyọ̀ tó ta ẹ̀rọ fún wa ní Àkírà ní ká má tẹ̀ lé àwọ̀ o. Ó ní ká kọ́kọ́ dán wáyà wò ká tó mọ niútírà."

"Hajia, ṣé Táyọ̀ lè jókòó ní Àkírà kó rí wáyà Sagnarigu?"

"Ṣé ẹ ti dán an wò?"

"Mo ti dán an wò."

Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ó ti wò ó. Dídán ló kù.

Lọ́jọ́ ìṣílé, pásítọ̀ dé, ìmáàmù dé. Àwọn obìnrin ti da èso òrí lílọ̀ sínú ẹ̀rọ. Baba Màmúdù dìde láti kéde, ṣùgbọ́n Obadiah gba gbohùngbohùn.

"Baba, ẹ jẹ́ n tan ẹ̀rọ ná, kí oyè àti iná jọ dé. Ẹ̀yin èèyàn mi, wáyà kì í purọ́ fún mi!"

Ó tẹ bọ́tìnnì. Àwọn gílóòbù iwájú ẹ̀rọ bẹ́, pà, pà, pà. Èéfín tú jáde nínú àpótí tí ọpọlọ ẹ̀rọ wà. Ìmáàmù ké Inná lillahi, pásítọ̀ ń bá ẹ̀mí kan wí. Hajia ló sáré pa ẹ̀rọ náà.

"Dúmsọ̀ ni!" ni Obadiah wí, bí wọ́n ṣe ń pe iná tó ń lọ tó ń bọ̀ níbẹ̀. "Iná ìjọba ló ṣe ségesège."

Gbogbo èèyàn gbójú sókè. Fáànù ilé ń yí jẹ́jẹ́.

Hajia pe Táyọ̀, ó gbé fóònù sí etí gbohùngbohùn. Táyọ̀ ní kí Ẹnjiníà sọ bó ṣe so ó. Obadiah rò pé ìdáláre dé. Ó na ọrùn.

"Dúdú mọ́ dúdú, búlúù mọ́ búlúù!"

Táyọ̀ fèsì láti inú fóònù: "Ẹ̀gbọ́n, búlúù ilé yẹn ń gbé iná. Ẹ ti iná bọ ẹ̀rọ níbi tó yẹ kí iná máa gbà jáde. Ẹ dúpẹ́ pé kò pa èèyàn. Mítà wo lẹ lò?"

Agbádá wúwo lọ́rùn Obadiah. "Ojú," ló wí, ṣùgbọ́n gbohùngbohùn gbé e dé òpópónà.

Ọpọlọ ẹ̀rọ tuntun yóò pẹ́ kó tó dé, òrí inú ẹ̀rọ kò sì lè dúró.

"Ọwọ́ la ó fi pò ó," ni Hajia wí.

"Ọwọ́ ta ni?" ni Sàlmà, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà, béèrè. "Èjìká tèmi ti lọ."

Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn ń wo Obadiah. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Èrò ti dí i. Ó ká apá agbádá, ó kúnlẹ̀ ti ọpọ́n tí àwọn obìnrin ti bu òrí náà sí, ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ òrí títí dé ìgúnpá.

Baba Màmúdù gba gbohùngbohùn, ó wú ikọ́.

"Ẹ̀yin èèyàn, ọmọ yìí ní òun fẹ́ jẹ olórí. Ẹ bá mi kí Olóòrí."

"Olóòrí o!" ni gbogbo ilé dáhùn.

"Haba, injiniya!" ni Sàlmà wí lókè orí rẹ̀. "Ẹ pò ó! Ẹ má wulẹ̀ máa fọwọ́ pa á lára."