Oògùn Tó Pa Sẹ́ẹ̀lì Lẹ́nu Mọ́

Ìròyìn ayọ̀ kì í pẹ́ níkùn Ọ̀mọ̀wé Ó-ti-yé-mi kó tó bẹ́ jáde. Àwọn àgbà ní bí ọwọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èèkù idà, ẹni kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Tirẹ̀ ni pé bí ọwọ́ bá ti tẹ fóònù, ká ti máa ròyìn idà.

Oògùn ara wíwú ló ń wá láti ọdún mẹ́ta. Bí kòkòrò àìsàn bá kan sẹ́ẹ̀lì ara, ẹ́ńsáìmù kan wà nínú rẹ̀ tó ń gbé ìròyìn náà wọlé. Nígbà náà ni sẹ́ẹ̀lì á ké sáwọn ọmọ ogun ara, tí ibẹ̀ á wú, tí á pọ́n, tí á gbóná. Ẹ́ńsáìmù yìí ló fẹ́ pa lẹ́nu mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó da kòkòrò sínú àwo sẹ́ẹ̀lì méjìlá. Ó fi oògùn sí mẹ́fà, ó fi mẹ́fà yòókù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kà wọ́n: kò séyìí tó ké. Kò tíì bọ́ ìbọ̀wọ́ tó fi pe ìyàwó, ó pe ìyá ìyàwó, ó pe ọkùnrin tó bá a du ipò lọ́dún tó kọjá. Kó tó di ọ̀sán, ọ̀gá àgbà ti kó gbogbo ilé iṣẹ́ jọ.

Ọ̀gá bèèrè bóyá àwọn mẹ́fà tí ò lo oògùn ké.

"Àwọn náà dákẹ́, sà. Oògùn náà le débi pé àwọn tí ò lò ó gan-an gbọ́ òkìkí rẹ̀."

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ìyá Sẹ́ẹ̀lì, obìnrin tó ń bọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì, kò bá wọn pàtẹ́wọ́. Ó gbé àwo kan sábẹ́ awò tó ń sọ kékeré di ńlá, ó wò ó títí, ó gbé òmíràn. Ó wá bèèrè ibi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà sùn láti ọjọ́ Ẹtì tóun ti bọ́ wọn kẹ́yìn.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé Ó-ti-yé-mi lóòótọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó gbé wọn jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù olóoru tí wọ́n ń gbé kí òtútù má bàa pa wọ́n, kó lè bá wọn ya fọ́tò ránṣẹ́ sí àna, kò sì rántí dá wọn padà. Nígbà tó bá wọn lórí tábìlì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó rò pé ẹni rere kan ló bá òun gbé wọn jáde.

"Orí tábìlì ni, mà."

Ìyá Sẹ́ẹ̀lì fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù."

Ọ̀gá wúkọ́, ó ń fi pa ẹ̀rín mọ́ra. Ó-ti-yé-mi fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá ṣí ìwé iṣẹ́, ó kọ èsì ọjọ́ náà sílẹ̀: "Àwo sẹ́ẹ̀lì méjìlá. Kò sí èyí tó bínú. Kò sí èyí tó yè."