Àtẹ̀gùn Ẹ-Má-Tẹ̀-Ẹ́

Gbogbo ayálégbé ló wà lórí ilé lọ́jọ́ yẹn, èmi pẹ̀lú ọṣẹ létí.

Agbálẹ̀ ilé wa ló kó wa débẹ̀. Ẹ-Má-Tẹ̀-Ẹ́ là ń pè é, torí ohun tó ń wí látàárọ̀ dalẹ́ nìyẹn. Ilé alájà mẹ́rin! Kó tó nu àtẹ̀gùn dókè, a ti tẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀. Yóò pòṣé ṣàà, yóò tún gbé garawa.

Lánlọ́ọ̀dù ń bọ̀ wá wo ilé. Ó sì ti kìlọ̀ fún un lójú gbogbo wa: "Bí mo bá rí ipa ẹsẹ̀ kan, wá iṣẹ́ míì. Ẹni tó bá sì tẹ̀ ẹ́, òun ni yóò nù ún látòkè délẹ̀. Iṣẹ́ wo ló wà níbẹ̀? Omi àti aṣọ!"

Ọkùnrin yìí ò fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun. Ló bá bẹ̀rẹ̀ látìsàlẹ̀, ó ń kan ilẹ̀kùn gbà-gbà-gbà, ó ń lé wa lọ níwájú aṣọ ìnulẹ̀ bí ẹni ń da adìẹ.

"Mo ń wẹ̀ o!" ni mo ké látinú balùwẹ̀.

"Ẹ lọ wẹ̀ lókè, bọ̀dá. Ẹ má tẹ̀ ẹ́."

Télọ̀ tó ń gbé nísàlẹ̀ gòkè tòun ti oníbàárà tó ń wọ̀n lọ́wọ́. Téèpù ṣì wà nídìí onítọ̀hún. Ẹ̀rín ń pa mí!

Lánlọ́ọ̀dù dé. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, àmọ́ àtẹ̀gùn ń dán gbinrin. Ó gùn ún, kò, kò, kò, títí ó fi bá wa lókè.

"O káre. Mi ò rí ipa ẹsẹ̀ kankan."

Agbálẹ̀ kàn nàka sẹ́yìn ọ̀gá.

Ẹrẹ̀. Látilẹ̀ dókè.

"Bàtà yín ni, sà."

Télọ̀ wúkọ́. "Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ńkọ́, sà? Kí lẹ wí lọ́jọ́sí?"

Kí ló kù? Lánlọ́ọ̀dù bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò sókè, ó gba aṣọ. Ó ń nù, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń di ìbàdí mú. Nígbà tó délẹ̀, ó jáde síta lọ da omi ìdọ̀tí nù.

Ṣàpà! Ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì wọnú ẹrẹ̀.

Ó wo ẹsẹ̀. Ó wo àtẹ̀gùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Ó wòkè.

Bàtà ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi lórí ilé.

Ó rọra gbẹ́sẹ̀ kan.

Gbogbo wa yọrí látòkè, a fohùn ṣọ̀kan:

"Ẹ má tẹ̀ ẹ́, sà!"