Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Tí Basit Fi Páálí Kọ́

Basit kò lè dìde, kò sì lè jọ̀wọ́ ohun tó dì mú. Ilé kékeré tó kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin reluwé àfiṣeré rẹ̀ ló wà níwájú rẹ̀, gọ́ọ̀mù tó fi lẹ òrùlé kò tíì gbẹ, bó bá sì mú ọwọ́ kúrò, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bàjẹ́ nìyẹn. Pátákó gbọọrọ tí ojú irin náà wà lórí rẹ̀ ló dí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá. Ìgbà náà gan-an ni ìyá rẹ̀ yàn láti dé. Kọ́kọ́rọ́ tí Basit fún un nítorí pàjáwìrì ló fi wọ fúláàtì ọmọ rẹ̀ ní Peckham, nítorí lójú ìyá, gbogbo ọjọ́ Sátidé ni pàjáwìrì.

"Basit! Ṣílẹ̀kùn kí n dì mọ́ ọ!"

"Ẹ káàsán, Mummy. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tì í! Mo di òrùlé mú."

"Mo ti rí òrùlé! Àmínát àbúrò ẹ ti gbé fọ́tò ẹ̀ sórí WhatsApp ẹbí. Ilé bàbá mi ní Ọ̀fà! Ilé tó ti wó láti bí ogún ọdún, ọmọ mi lọ tún un kọ́, kò sì sọ fún ẹnì kan!"

Orí Basit wú. Láti ọjọ́ tó ti ń gé páálí, kò sẹ́ni tó yìn ín rí nínú ẹbí wọn.

"Surprise ni mo fẹ́ fi ṣe fún yín. Fọ́tò àtijọ́ tó wà ní pálọ̀ yín ni mo wò kọ́ ọ."

"Ọlọ́run á jẹ́ kó tọ́jọ́. Mo ti sọ fún àwọn ìyá àsàlátù wa. Mọ́kànlá wọn ló ń bọ̀ wá bá ọ níbí ṣàdúà sí i, wọ́n ti wà nínú bọ́ọ̀sì. Alhaja Yusrah tó ń fi ilé tí ọmọ ẹ̀ kọ́ sí Ìlọrin fín mi níràn, òun ló ṣáájú wọn!"

"Ẹni mọ́kànlá? Nítorí èyí? Ẹ ṣeun o, Mummy. First prize ni kí wọ́n bá mi tọrọ."

"Wọ́n á fi kún un." Ohùn ìyá wálẹ̀. "Nǹkan kan ló ń dùn mí. Páànù yẹn. Ilé tuntun, ó ti dípẹtà."

"Ó hàn dáadáa?"

"Ó hàn! Ta ló ta irú páànù bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Páànù kọ́ ni mo rà. Ìpẹtà yẹn ni mo rà lọ́tọ̀. Inú ìgò kékeré ló máa ń wà."

Ìyá fi etí lé ilẹ̀kùn.

"O fowó ra ìpẹtà."

"Ojúlówó ni. Búrọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń kùn ún, díẹ̀díẹ̀. Ìdọ̀tí ara ògiri wá nínú ike tirẹ̀. Ewé tíì gbígbẹ ni mo fi ṣe ewéédò tó hù sí ìsàlẹ̀ ògiri."

"Èmi tí mo fi kànìnkànìn bó ọ dàgbà!"

"Ilé tó bá mọ́ jù, àwọn judge kì í gbà á."

"Judge? Ọ̀rọ̀ ilé yìí ti dé kóòtù?"

"Lọ́la nìdíje ẹ̀, ní Deptford. Mọ́tò Abdulqoyyum ọ̀rẹ́ mi la máa fi gbé e lọ."

"Gbé kí ni?"

"Ilé. Bùùtù ẹ̀ gbà á."

Nǹkan bọ́ sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbì! Báàgì ìyá ni. Ìgbà tó tún sọ̀rọ̀, ó rọra ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń bá ọmọ tí ibà ń ṣe sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi. Búlọ́ọ̀kù wo lo fi kọ́ ọ?"

"Páálí kọnfulékì."

"Páálí! Bí òjò bá rọ̀ ńkọ́?"

"Níbo lòjò ti fẹ́ bá a?"

"Ta ló ń gbé ibẹ̀?"

"Kò sẹ́nì kan. Ọkùnrin kan péré ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó máa ń ṣubú tẹ́lẹ̀, ni mo bá fi superglue lẹ ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́lẹ̀."

"Ẹsẹ̀ ta?"

"Ó ti dúró dáadáa báyìí. Orí ẹ̀ tó já lánàá ni mo ṣì ń wá."

"Subhanallah!"

Ìyá fi èjìká gbá ilẹ̀kùn. Pátákó sún, reluwé mẹ́ta dojú dé, ìyá sì fún ara rẹ̀ wọlé tòun ti fóònù lọ́wọ́. Basit jọ̀wọ́ òrùlé nítorí ìbẹ̀rù. Òrùlé dúró.

Ìyá wo ilé. Ó wo fóònù. Ó tún wo ilé. Kò ga tó báàgì tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Òun nìyí?"

"Òun nìyí, Mummy."

"Ìyókù ńkọ́?"

Ìgbà yẹn ló tó yé Basit. Ojú tì í, àánú ìyá rẹ̀ sì ṣe é gan-an.

"Mummy, mi ò mọ̀ pé ẹ rò pé ilé gidi ni..."

"Ẹni mọ́kànlá, Basit." Ìyá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. "Alhaja Yusrah á fi mí ṣẹ̀sín títí di Iléyá."

"Màá ṣàlàyé fún wọn."

"Má ṣàlàyé nǹkan kan." Ó ti tẹ̀ síwájú, ó ń fi ìka tọ́ka láìfọwọ́ kàn án. "Ibí yìí nìyá mi máa ń gbé ìkòkò omi sí. Fèrèsé yìí... fèrèsé mi nìyí." Omijé lé sí i lójú. Ó fi etí híjáàbù nù ún, ojú rẹ̀ sì le padà. "Ìpẹtà ẹ ò tó."

"Kò tó?"

"Apá ojú irin ló yẹ kó pọ̀ sí. Èéfín reluwé ló ba ibẹ̀ jẹ́. Kùn ún."

Basit mú búrọ́ọ̀ṣì.

"Fi kún un. Kí lo wá ń ṣahun ẹ̀ sí? Ṣebí o fowó rà á!"

Aago ẹnu ọ̀nà dún. Búrọ́ọ̀ṣì dúró lọ́wọ́ Basit.

"Mummy, kí la fẹ́ sọ fún wọn?"

"Kí ni mo sọ fún wọn tẹ́lẹ̀? Mo ní ọmọ mi tún ilé bàbá mi kọ́. Èwo nirọ́ níbẹ̀?"

Ó jáde lọ gbé fóònù ẹnu ọ̀nà.

"Alhaja Yusrah, ẹ káàbọ̀ o. Àjà kẹta ni." Ó bojú wẹ̀yìn. "Ẹ gbọ́ ná, ṣé ẹ mú awò ojú yín dání?" Ó tẹ́tí sílẹ̀, ojú rẹ̀ sì tàn. "Ẹ gbàgbé ẹ̀ sílé? Alhamdulillah. Ẹ máa gòkè bọ̀!"