Bí Látúnjí Ṣe Dá Àṣá Mọ̀ Yàtọ̀ sí Àwòdì

Ẹ yà fún un lọ́nà! Látúnjí Àlàó ló ń bọ̀, ọmọ Agboolé Aláriwo, ọmọ Fálékè tó sín lóko tí wọ́n kí i ní pẹ̀lẹ́ nílé, ọmọ-ọmọ ọkùnrin tó ké sí ìyàwó rẹ̀ pé kó bu omi wá, tí ìyàwó onílé mẹ́ta gbé omi dé. Akọni tí ohùn rẹ̀ ń jí àkùkọ! Baba ẹyẹlé, ọba lórí ohun gbogbo tó ń ké kúù-kúù! Èmi tí mo fi ògiri kan ṣoṣo bá a pààlà, èmi ni n óò kì í, nítorí kò sẹ́ni tó tíì gbọ́ ọ tó mi.

Ọ̀tá kan dìde sí i láti òkè. Lọ́sàn-án gangan, nǹkan kan a já wálẹ̀ fìrì láti ojú sánmọ̀, ìyẹ́ a fọ́n ká, ẹyẹlé kan a sì di àwátì. Mosúnmọ́lá, aya akọni, wo àwọn tó ṣẹ́kù, ó wo ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀.

"Bàbá Ìyíọlá, ẹ gbọ́ o. Kí ẹyẹ tí a ò mọ̀ tó jẹ wọ́n tán, àwa tá a bọ́ wọn la ó jẹ wọ́n. Tó bá tún fi lè gbé ọ̀kan lọ́la, ata ti wà nílẹ̀."

Látúnjí fẹ́ràn àwọn ẹyẹ wọ̀nyẹn ju bó ṣe yẹ kí àgbàlagbà fẹ́ràn ohun tó ń ṣu sí i lórí lọ.

Ṣé akọni kò tíì jà ni? Ó ti jà! Ohun tí gbogbo ilé tó ń sin adìyẹ ń ṣe ló ń ṣe: bó bá ti rí òjìji lókè, a lu páànù, a pàtẹ́wọ́, a sì fi ohùn baba ńlá rẹ̀ bú jáde pé, "Àwòdì o! Húùù! Àwòdì o!" títí adìyẹ gbogbo àdúgbò yóò fi sá wọ abẹ́ àká. Ẹyẹlé tirẹ̀ a fò sókè pìrì. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀kan máa ń sọnù sí.

Nílẹ̀ tó mọ́, jagunjagun wa tẹ́ ẹní sí àgbàlá, ó dùbúlẹ̀ gbalaja, ó dojú kọ ọ̀run. Ọ̀tá bà lé orí òpó iná. Látúnjí wò ó bí ẹni tó ń wo ọkọ tí ọmọ rẹ̀ mú wálé. Ìrù rẹ̀ kò là bíi ti àwòdì; apá rẹ̀ gùn, ó ṣóńṣó bí ẹnu dòjé; ilà dúdú kan sì wà lábẹ́ ojú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

"Ilà yìí kì í ṣe ilà ìdílé àwòdì," ni ó wí. "Àṣá ni!"

Kíá ni àṣá gbéra. Kò tilẹ̀ wo òròmọdìyẹ tó ń jẹ̀ nílẹ̀. Àdàbà tó ń fò kọjá ló já lù lójú sánmọ̀, pàá! Ojú akọni là, ojú sì tì í. Àwòdì ń gbé tilẹ̀, àṣá ń pa èyí tó ń fò. "Yéè! Èmi ni mò ń bu oúnjẹ fún un!"

Lọ́sàn-án, àṣá padà dé. Mosúnmọ́lá ti gbé ìkòkò kaná. Látúnjí da àgbàdo sílẹ̀ fún àwọn ẹyẹlé rẹ̀, ó sì wọ ìjà tí ẹnìkan kò jà rí nílé baba rẹ̀: ó panu mọ́! Òógùn bò ó, iṣan ọrùn rẹ̀ le, ó ki fìlà bọ ẹnu, ó deyín mọ́ ọn. Àwọn ẹyẹlé ń ṣa àgbàdo wọn jẹ, ìkankan wọn kò na ìyẹ́. Àṣá yí po, ó tún yí po, kò rí ohun tó ń fò, ó bá tirẹ̀ lọ. Mosúnmọ́lá sọ ìkòkò kalẹ̀, ó lọ wá ẹja.

Akọni yọ fìlà lẹ́nu, ó yọ́ wá sídìí ògiri mi, ó tẹnu mọ́ mi létí, ó sì kéde kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Kí gbogbo ayé gbọ́ o! Èmi Látúnjí Àlàó ti ṣẹ́gun ojú ọ̀run! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo."